Ìyáálé Mi Lórí Èjìká Mi

Tí wọ́n bá bi àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ìgbó-Ọrà pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe láyé, ọ̀kan á ní gàrí lòun tà, òmíràn á ní tíṣà lòun. Èmi á ní ìṣubú ni mo ṣe. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, màá sì jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ fún wọn pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣubú, mo sì ń fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn dòní. Mélòó nínú àwọn tí kò ṣubú rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ìjàkadì obìnrin ni iṣẹ́ mi, èyí tí wọ́n máa ń fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Sátidé kí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iwájú ro ẹ̀yìn lórí iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ wá jókòó. N kò kàwé púpọ̀, ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, torí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìdòwú ni mí. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa Ìdòwú ní ìlú tí ìbejì pọ̀ tó tiwa yìí, pé ẹni tó bá tẹ̀lé ìbejì, olóríkunkun ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì máa ń gbè sẹ́yìn ara wọn, èmi nìkan ni mo sì ń bá wọn jà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé kò dìgbà tí èèyàn bá tóbi kó tó lè gbé ẹni tó tóbi.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ kò gba àlàyé gígùn. Mo fẹ́ awakọ̀ kan ní agbo ilé tó wà lẹ́yìn ọjà, mo sì bá ìyáálé kan níbẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ Ìdèrè. Ìyá Rábì là ń pè é. Ó ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Ó ti ń jà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Èrúwà tó ń jẹ́ Ọ̀gá Jìmọ̀, ẹni tó ti ja ìjàkadì káàkiri kí orúnkún rẹ̀ tó dá a dúró. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Rábì rí mi níbi tí mo ti ń gbé àpò gàrí sínú ọkọ̀ ọkọ mi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ẹ̀rù ò ní bà ọ́?”

Mo ní, “Ẹ̀rù kí ni, mà?”

Ó ní, “Ẹ̀rù ká gbé èèyàn báyìí.”

Ọkọ mi ní bí ìyáálé bá ti wà níbẹ̀, òun ò ní ohun tóun fẹ́ sọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ilé Ọ̀gá Jìmọ̀ wà lẹ́yìn Èrúwà, lójú ọ̀nà oko. Àwa obìnrin mẹ́fà la wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi pákó kan pèpéle ńlá sí àgbàlá, ó na okùn yí i ká, ó sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé okùn náà kó má baà bó wa lára. Lórí pákó yẹn la tẹ́ àpò gàrí tí a ki háríhá àgbàdo sí. Ohun tí à ń ṣubú lé nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀, háríhá á wú, á sì máa rùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á fọ́ di lẹ́búlẹ́bú, a ó wá di ẹni tó ń ṣubú lé pákó lásán.

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi kọ́ ìṣubú. N kò gbé ẹnikẹ́ni, n kò ti ẹnikẹ́ni. Ṣubú sẹ́yìn, ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, dìde, tún un ṣe. Ọ̀gá kì í sì í wò wá. Ńṣe ló máa ń jókòó lórí àpótí, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á máa jẹ iṣu sísun, á máa fi etí gbọ́ wa. Ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dún lórí pákó, kí ẹ̀yìn tó dún. Orí kò gbọ́dọ̀ dún rárá.

“Ìdòwú, orí rẹ dún.”

“Kò dún, Ọ̀gá.”

“Ṣé èmi ni mo gbọ́ ọ ni àbí ìwọ? Tún un ṣe.”

Ó mọ ìṣubú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ tirẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá Jìmọ̀ ní òwe yẹn kò sí fún iṣẹ́ tiwa, nítorí ẹni tó bá wo iwájú, imú rẹ̀ á fọ́, ẹni tó bá sì wo ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ á ṣẹ́. “Ìdodo rẹ ni kí o wò,” ló máa ń wí. Títí dòní, bí mo bá fẹsẹ̀ kọ nílẹ̀ yìí, ìdodo mi ni ojú mi máa ń lọ.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá òótọ́ ni ìjà yẹn. N kò ní purọ́ fún yín. A ti máa ń mọ ẹni tó máa borí kí a tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n pákó kò mọ̀ pé a ti fẹnu kò.

Nígbà tó wá kan gbígbé, òfin méjì péré ni Ọ̀gá fún wa. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ni olórí. Bí kò bá tíì fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì ṣetán, o ò sì gbọ́dọ̀ gbé e, ì báà jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń pariwo. Èkejì ni pé bí o bá ti gbé e, òun nìkan ló kù láyé títí o ó fi sọ ọ́ kalẹ̀. “Ẹni tó bá ru ẹran erin,” á ní, “kì í fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.” Mo gbọ́ òwe yẹn títí ó fi sú mi. Mo rò pé mo ti gbọ́ ọ yé.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn fi gbà wá. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé jáde fún wa, ó wúwo bí ẹ̀rọ ìlọta, kò sì lè yí kíákíá, torí náà àwa la wá ń kọ́ bí a ṣe máa ṣubú síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Erin Ìdèrè ni wọ́n sọ Ìyá Rábì, èmi di Ìjì Ìbàràpá. Eré wa kò le. Erin á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á gbá mi mọ́ okùn, á jókòó lé mi lẹ́yìn, àwọn èèyàn á máa káàánú mi. Lẹ́yìn náà ni Ìjì á wá jà. Màá gbé Erin sórí èjìká, màá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, màá sì gbé e ṣánlẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, tí mo máa ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ sí balùwẹ̀.

Ìyá ọkọ wa, Ìyá Àgbà, máa ń lọ wo tẹlifíṣọ̀n nílé oníkòkó kan ládùúgbò. Bí mo bá ti Ìbàdàn dé, á ní, “Ìdòwú, mo rí ọmọ kan nínú àpótí tó jọ ọ́. Kò lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó lágbára.”

Màá ní, “Ẹ bá mi kí i, mà.”

Báyìí la ṣe ń gbé ní àlàáfíà. Ó mọ̀, mo mọ̀ pé ó mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì la ẹnu.

Ohun tó dà á rú ni pé tẹlifíṣọ̀n kò dúró sínú àpótí mọ́, ó tọ̀ wá wá sílé. Wọ́n ní kí a wá jà ní Ìgbó-Ọrà, kí ìlú wa rí wa. Wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá wá, wọ́n to pákó sí pápá ilé-ìwé, wọ́n sì fún àwọn ará agbo ilé wa ní ìjókòó iwájú. Baálé ilé wà níbẹ̀, gbogbo ìyàwó ilé wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà sì jókòó sí àárín wọn lórí àga onítìmùtìmù.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Rábì bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?” Mo ní ó balẹ̀. Ó sì balẹ̀ lóòótọ́.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ó gbá mi mọ́ okùn, ó jókòó lé mi, ìlú káàánú mi. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, ó tẹ ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e. Gbogbo pápá dákẹ́ lọ gbáà. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà. Kò tilẹ̀ pariwo. Bí ẹni pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

“Ìdòwú. Ìyáálé rẹ nìyẹn.”

Orúnkún mi tẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ní kó tẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ orúnkún yẹn pé bí àgbà bá pè ọ́, kí o kúnlẹ̀. Ó gbọ́ ohùn àgbà, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ẹnu mi gan-an ti ń sọ pé, “Ẹ má bínú, mà.” Mo ti kúnlẹ̀ tán kí n tó rántí ẹni tó wà lórí èjìká mi.

Ìyá Rábì ti múra àti ṣubú láti òkè, láti èjìká ẹni tó dúró. Ilẹ̀ wá pàdé rẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè dún. Èjìká òsì ló kọ́kọ́ dún, ìgbáròkó ló tẹ̀lé e. Etí mi ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i. Ọ̀gá Jìmọ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí wa lórí àpótí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ti dìde ó ń sáré bọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń wò wá tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, láti ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Ìgàngán tó ń to eegun. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nílé, Baálé pè wá jọ. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n obìnrin agbo ilé òun kò ní gorí pákó mọ́. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ dáhùn pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ sí Ìgàngán fún un. Lọ́jọ́ kan mo bá Ọ̀gá Jìmọ̀ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, “Dìde jàre. Ìkúnlẹ̀ ló kó wa síbi tá a wà yìí.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọ ní ìṣubú. N kò fi ọjọ́ kan ronú kan orúnkún rẹ. Ìdajì ẹ̀bi yẹn, tèmi ni.”

Mo ní, “Ọ̀gá, n kò ní gbé èèyàn mọ́ láyé mi.”

Orí ẹní ni Ìyá Rábì wà, wọ́n fi igi di èjìká rẹ̀, kò lè yí ara padà. Ó ní, “Ta ni á wá gbé mi?”

Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé kí ìlú máa rántí mi bí ẹni tó ṣubú tí ọwọ́ rẹ̀ kò dún ni? Bí eegun yìí bá jinná, orí pákó yẹn náà ni mo máa padà sí, ní Ìgbó-Ọrà yẹn náà. Bí ìwọ ò bá gbé mi, ẹlòmíràn kò ní gbé mi.”

“Bí mo bá tún kúnlẹ̀ ńkọ́, mà?”

“O máa kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé mi ni. Ohun tí orúnkún rẹ fẹ́ ṣe, jẹ́ kó ṣe é tán lójú gbogbo ayé, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Èmi á fà ọ́ dìde. Bí mo bá ti fà ọ́ dìde, ìyáálé rẹ ti lọ sílé nìyẹn. Erin ló kù.”

Ó lé lọ́dún kan kí ó tó lè gbé apá òsì rẹ̀ sókè. Nígbà tó ṣe é ṣe, òun fúnra rẹ̀ tiro lọ bá Baálé. Baálé ní òun ti sọ̀rọ̀ tán. Ìyá Àgbà ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí n kò rò. Ó ní, “Èmi ni mo la ẹnu lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ parí ohun tí mo dá dúró.” Baálé gbà. Ó ní tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Pápá ilé-ìwé yẹn náà ni. Mo gorí pákó, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyáálé mi, orúnkún méjèèjì, mo kí i bí mo ṣe máa ń kí i láàárọ̀. Ó fi ọwọ́ lé mi lórí. Ó fà mí dìde. Ìjà bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó wá kan gbígbé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo dúró. Kò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìlú ń pariwo pé kí n gbé e, oníkámẹ́rà ń fi ọwọ́ sọ pé kí n gbé e. Èémí rẹ̀ ń sáré létí mi. Mo mọ̀ pé èjìká rẹ̀ ń rántí. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kò sí ìgbà tó gùn tó ìgbà yẹn. Bí kò bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, iṣẹ́ wa méjèèjì ti parí, n kò sì ní bínú sí i.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbé e. Bí mo ṣe ń yí i ká, Ìyá Àgbà tún sọ nǹkan. N kò mọ ohun tó sọ, títí dòní n kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ Erin kalẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì dún, ẹ̀yìn dún. Orí kò dún. Mo wo ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jìmọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, ó ń mi orí pé ó dáa, ó ń jẹ iṣu.

Ẹ̀ẹ̀kan tí Baálé sọ di ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í jà kí n má kúnlẹ̀. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn rẹ̀ ju ìjà lọ. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, àbúrò á kúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n á fà á dìde.

Ohun èlò ń yí padà lójú wa. Tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé, ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé aṣọ tí à ń pè ní pupa ti ṣá tipẹ́. Kámẹ́rà di mẹ́ta, ó wá ku àwa tí a gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń wò wá. Fóòmù gba ipò háríhá. Fóòmù dára, n kò bú u, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wá gbójú lé e, ọwọ́ wọn kò dún mọ́. Nígbà tí Ọ̀gá Jìmọ̀ lọ bá àwọn baba rẹ̀ tí èmi àti Ìyá Rábì wá ń kọ́ àwọn ọmọ, mo máa ń ní kí wọ́n ká fóòmù kúrò lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ń bú mi lẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí eegun rẹ̀ ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjàkadì àwọn òyìnbó wọlé, ti àwọn tí iná ń yọ lẹ́yìn wọn. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní kò sí àyè fún wa mọ́. A kò sunkún. Àwa ń kọ́ àwọn ọmọ nìṣó títí ara fi sọ pé ó tó.

Ní oṣù tó kọjá, Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, fi nǹkan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ni, lórí pápá ilé-ìwé kan ní ìlú tí n kò dé rí. Èyí kékeré kúnlẹ̀, èyí ńlá fi ọwọ́ lé e lórí, ó fà á dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Mo ní, “Ta ló kọ́ wọn ní èyí?”

Ó ní, “Màmá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é náà nìyẹn.”

Mo ní kó tún fi í hàn mí.

Àdùkẹ́ yìí ló fà á tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò mọ̀ bóyá kí òun ṣe nọ́ọ̀sì ni, àbí kí òun tẹ̀lé àwọn tó ń jà. Ohun tí mo sọ fún un ni mò ń sọ fún ẹ̀yin náà. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè ohun tí iṣẹ́ máa fún yín. Ẹ béèrè ẹni tó máa fara pa bí ọkàn yín bá kúrò nídìí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ti mọ ẹni náà, tí ẹ sì lè gbà kí wọ́n máa sọ fún yín fún oṣù mẹ́jọ pé kò tíì dáa, ẹ wọ̀ ọ́.

Ìyá Rábì ṣì wà pẹ̀lú mi nínú agbo ilé kan náà. Àwọn ọkọ wa ti lọ. Ìgbáròkó tó dún lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kó lè dá dìde lórí ibùsùn mọ́. Láràárọ̀ mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, màá dìde, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á tẹ ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, màá sì gbé e sórí àga. Àwọn ọmọ ilé máa ń ní àwọn màmá tún fẹ́ jà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbàdí mi dì. N kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àdùkẹ́ ní òun á gbé e.

Ìyá Rábì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣé èyí mọ nǹkan í gbé?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Mo ti ń wò yín láti kékeré.”

“Wíwò kọ́ o.”

Mo yí àga mi padà, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo gbọ́ tí orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀. Mo gbọ́, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Mo gbọ́ tó dìde. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń lọ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo sì ń kà á lọ́kàn mi, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wúwo lórí símẹ́ńtì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kò yára, kò sì gbọ̀n. Àga gba ìyáálé mi jẹ́jẹ́.

Àdùkẹ́ ní, “Màmá, ṣé ó dáa?”

Mo ní, “Tún un ṣe lọ́la.”